Rindswurst, Frankfurter Würstchen àbí sucuk: èwo ni kí ẹ rà?

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Frankfurt, tí kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, kì í pẹ́ kó tó béèrè sọ́séèjì tí òun lè rà. Mẹ́ta ló sábà máa ń bá pàdé: Rindswurst, sọ́séèjì ẹran màlúù tí wọ́n bí sí ìlú yìí gan-an, Frankfurter Würstchen, tí òkìkí rẹ̀ ti kan gbogbo ayé, àti sucuk tó kún inú ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Tọ́kì. Mo ti ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Méjì nínú wọn ṣì wà nínú fíríìjì mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ jẹ́ ká yanjú ti Frankfurter Würstchen ná, torí orúkọ rẹ̀ ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, ìfun àgùntàn ni wọ́n ń ki ẹran náà sí, wọ́n á sì fi èéfín yan án díẹ̀. Ní Jámánì, àwọn tó ń ṣe é ní agbègbè Frankfurt nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fi orúkọ yẹn tà á. Tí ẹ bá dé Vienna, ohun mìíràn ni wọ́n máa gbé fún yín lábẹ́ orúkọ kan náà: Johann Georg Lahner, alápatà tó kọ́ṣẹ́ ní Frankfurt, bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹran màlúù pọ̀ mọ́ ti ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀ ní 1805, èyí sì ni àwọn ará Jámánì ń pè ní Wiener. Ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú méjèèjì. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ máa gbádùn rẹ̀, ó rọ̀, ó sì ń ta sánsán. Ẹni tí kì í jẹ ẹ́, kó kọjá lọ.

Rindswurst ní ìtàn tirẹ̀. Karl Gref àti ìyàwó rẹ̀ Wilhelmine, ọmọ ilé Völsing, ló ṣí ilé ẹran wọn ní 1894 ní àdúgbò Ostend, tí wọ́n sì so orúkọ ìdílé méjèèjì pọ̀: Gref-Völsings. Àwọn Júù pọ̀ ní Ostend nígbà náà, sọ́séèjì tí kò ní ẹlẹ́dẹ̀ nínú sì wúlò fún aládùúgbò tó bá ń yẹra fún un. Lónìí, àwọn alápatà mìíràn náà ń ṣe é. Ó sanra, ó kúrú ju Frankfurter lọ, ẹyọ kan tó nǹkan bí 100 gíráàmù, ata pupa tí wọ́n gún sí i sì hàn lára rẹ̀. Ẹ kàn rántí pé ẹran màlúù ni mo sọ, n kò sọ pé ẹran halal ni. Ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó pa màlúù náà àti bó ṣe pa á.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù rèé: awọ. Orúkọ Rindswurst ń sọ ẹran tó wà nínú rẹ̀ fún yín, kò sọ ìfun ẹran tí wọ́n ki í sí. Alápatà lè lọ ẹran màlúù tó dára, kó sì wá ki í sínú ìfun ẹlẹ́dẹ̀, torí èyí wà káàkiri, ó sì rọ̀ lẹ́nu. Ìfun màlúù máa ń le díẹ̀, àwọn oníbàárà kan kì í sì í fẹ́ ẹ.

Owó mi ló bá a lọ. A fẹ́ sọ ọmọ àbúrò mi lórúkọ, Mùsùlùmí sì ni ìdílé ọkọ rẹ̀. Àwọn àna wa yìí kò le lórí ẹni tó pa ẹran, àmọ́ ẹlẹ́dẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ẹnu wọn. Mo ṣàlàyé èyí fún ẹni tó ń ta Rindswurst ní ṣọ́ọ̀bù kan kí n tó mú owó jáde. Ó ní màlúù pátápátá ni, kí ọkàn mi balẹ̀. Wọ́n ya màlúù gbàǹgbà sí iwájú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í. Nígbà tí a ti gbé e ka tábìlì, Alhaji, bàbá ọkọ àbúrò mi, ní kí n fún àwọn ní ọ̀rá kan. Wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n fi ìka tọ ìwé kíkọ wínníwínní yẹn láti òkè: ẹran màlúù, omi, ọ̀rá màlúù, iyọ̀, ata. Ìka wọn dúró sórí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn pátápátá: Schweinedarm, ìfun ẹlẹ́dẹ̀. Wọn kò bínú sí mi, àmọ́ gbogbo rẹ̀ la kó kúrò lórí tábìlì. Ẹni tó tà á fún mi kò dá kọ́bọ̀ padà, ó ní a ti tú ọ̀rá rẹ̀.

Nítorí náà, ibi tí wọ́n bá kọ Zutaten (àwọn èròjà) sí ni kí ẹ kà, kí ẹ sì kà á dópin. Schweinedarm ni ìfun ẹlẹ́dẹ̀. Schafsaitling ni ti àgùntàn, Rinderdarm ni ti màlúù. Tí ẹ bá rí Speck, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ nìyẹn. Àwòrán iwájú kò jẹ́ nǹkan kan.

Lórí káńtà alápatà, kò sí ìwé tí ẹ máa kà. Òfin ní kí wọ́n sọ àwọn èròjà tó máa ń bá àwọn kan lára jà, irú bíi mọ́sítádì, seleri àti mílíìkì. Ẹlẹ́dẹ̀ kò sí lára wọn. Ẹ bi wọ́n tààrà: „Ist der Darm vom Schwein?“ (Ṣé ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni?) Síbẹ̀, káńtà yìí ló tẹ́ mi lọ́rùn ju ọ̀rá súpámákẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹni tó ki sọ́séèjì fúnra rẹ̀ kì í ronú kó tó dáhùn. Tó bá ń wojú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa lọ.

Sucuk rọrùn níbi èyí. Ẹran màlúù ló sábà máa ń jẹ́, èyí tó bá sì ní àmì halal lára ti parí àríyànjiyàn. Ó gbẹ bíi kìlíṣí tó ní ọ̀rá, aáyù inú rẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń pẹ́ nínú fíríìjì. Àmọ́ iyọ̀ rẹ̀ pọ̀, ẹ kò sì lè bọ̀ ọ́ lómi kí ẹ fi jẹ sàláàdì ànàmọ́. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ dín in láìda òróró sí i, kí ẹ fọ́ ẹyin lé e. Oúnjẹ àárọ̀ gidi ni.

Ní ti sísè, Rindswurst kò fẹ́ omi tó ń hó. Ẹ gbé omi kaná. Tó bá ti ń yọ èéfín tí ìtàkùtà kéékèèké ń gòkè láti ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ pa iná, ẹ kó o sínú rẹ̀, kí ẹ dé e fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi tó ń hó á bẹ́ awọ náà, ọ̀rá á léfòó sójú omi, adùn tí ẹ sanwó fún á sì wà níbẹ̀. Ẹ lè yan án lórí iná èédú náà.

Owó: ti káńtà wọ́n ju ti inú ọ̀rá lọ. Ata: díẹ̀ ni, ẹni tó fẹ́ ata gidi, kó gbé tirẹ̀ dání.

Tó bá jẹ́ halal lẹ ń wá, ẹ ra sucuk tó ní àmì rẹ̀ lára. Tó bá jẹ́ ẹran màlúù láìsí ẹlẹ́dẹ̀ ni, Rindswurst ọwọ́ alápatà tó dáhùn ìbéèrè yín ni kí ẹ rà, pẹ̀lú mọ́sítádì àti búrẹ́dì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti Kleinmarkthalle, ọjà inú ilé tó wà ní àárín ìlú. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú, èrò sì máa ń pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, nítorí náà àárọ̀ ni kí ẹ lọ.