Súpámákẹ́ẹ̀tì "50% + 20%" ní Ring Road, ẹ má gé èékánná kẹ́ ẹ tó lọ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì tó gbé bánà pupa síta ní Ring Road n'Ìbàdàn, mo ti bá yín lọ, èmi àti màámi la jọ lọ ní Sátidé, mi ò ní dárúkọ wọn torí mi ò wá wàhálà, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí.

Ibẹ̀ mọ́, ẹ́síì ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ mọ èèyàn kí. Búrẹ́dì wọn ṣì gbóná nígbà tá a dé. Ìyẹn ò gba àlàyé. Ọ̀rọ̀ pásẹ́ńtì wọn ló gba àlàyé.

Wọ́n lẹ "50% + 20%" mọ́ ara àwọn ìkòkò. Ìyá kan tó ṣíwájú wa lórí láìnì gbé sẹ́ẹ̀tì ìkòkò 20,000, ó ti ka 6,000 sọ́wọ́, torí 50 àti 20, ṣebí 70 náà ni, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe rò ó kí n má purọ́. Kaṣíà ní 8,000. Ariwo bẹ́ sílẹ̀! Ọmọ yẹn ò dẹ̀ bínú, ó ní "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìdajì la kọ́kọ́ já, ó ku 10,000, inú 10,000 yẹn la ti wá já 20%, kì í ṣe inú 20,000." Òótọ́ ló sọ, 2,000 ni 20% inú 10,000, ó ku 8,000, gbogbo ohun tí wọ́n já wá jẹ́ 60%. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ 60% ni wọ́n kọ síbẹ̀, ta ni ì bá bá wọn jà? Wọ́n mọ̀ pé 70 làwa máa kà. Ìyá yẹn gbé ìkòkò ẹ̀ sílẹ̀ ó bá tiẹ̀ lọ.

Èmi ní tèmi, bílẹ́ńdà ni mo bá lọ. Wọ́n kọ 45,000 sára ẹ̀, wọ́n fi bírò pupa fagi lé e, wọ́n wá kọ 30% sábẹ́. Mo ṣì ń wá kalikulétọ̀ lórí fóònù, màámi ti ṣírò tiwọn tán: yọ òdo kan kúrò lára 45,000, ó di 4,500, 10% nìyẹn, ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀ jẹ́ 13,500, ó ku 31,500. Ẹni tó ta aṣọ ní Gbági fún ọgbọ̀n ọdún lẹ̀ ń wò yẹn o. Wọ́n wá wojú mi, wọ́n ní "Ta ló sọ fún ẹ pé 45,000 ni wọ́n ń tà á tẹ́lẹ̀?"

Mo bá fi èékánná hú etí sítíkà yẹn díẹ̀díẹ̀. Sítíkà míì wà lábẹ́ ẹ̀, ó ti ń ṣá, wọ́n kọ 32,000 sí i. Háà! 500 náírà péré ni ẹ̀dínwó tí wọ́n tìtorí ẹ̀ gbé bánà, kò tiẹ̀ tó 2%.

Mo ní ó dáa náà, 500 náà owó ni, mo gbé e dé ọ̀dọ̀ kaṣíà. Ó ní 33,862.50. Kí ló dé? VAT. 7.5% ni VAT láti oṣù kejì 2020, 5% ni tẹ́lẹ̀, ìjọba ló ń gbà á, mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn (10% inú 31,500 jẹ́ 3,150, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀ kúrò, ó ku 2,362.50, ó pé). Àmọ́ mo bi í bóyá VAT ti wà nínú 32,000 àtijọ́ yẹn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni mà, wọ́n máa ń kó o pọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Àṣé ẹni tí ò dúró de ẹ̀dínwó ti fi 1,862.50 sàn jù mí lọ. Mo dá bílẹ́ńdà wọn padà jàre.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì wọn, màámi ra ọsàn, owó mẹ́wàá ni wọ́n san, ìyá ọlọ́sàn fi ọ̀kan ṣe èènì. Mo ní ẹ ò rí i, 10% gidi rèé. Wọ́n ní rárá, ka èyí tó wà nínú ọ̀rá, 11 ni, ọ̀kan nínú 11 ò tó 10%, ó lé díẹ̀ ní 9%. Ẹ ẹ̀ rí màámi.

3 nínú 5 ni mo fún wọn, ìyẹn 60%, àwọn lè pè é ní 50% + 20% tó bá wù wọ́n. Tẹ́ ẹ bá máa lọ, ẹ ra búrẹ́dì, ẹ ra ìkòkò tí 8,000 bá tẹ́ yín lọ́rùn torí ó nípọn dáadáa. Tó bá di ti bílẹ́ńdà, ẹ hú sítíkà ẹ̀ wò ná.