Orí dúdú Singer, Butterfly tuntun, tàbí indọ́sítríà: èwo ni kí télọ̀ rà ní Kàdúná?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ ní Kàdúná tàbí Abuja lónìí, ohun mẹ́ta ni wọn yóò gbé síwájú rẹ̀: orí dúdú Singer tó jẹ́ tòkunbọ̀, Butterfly tuntun láti Ṣáínà, tàbí indọ́sítríà alábẹ́rẹ́ kan, ìyẹn Juki DDL-8700 àti àwọn tó fara wé e. Mi ò ní sọ̀rọ̀ ìyára wọn. Ẹni tó ń tà á yóò sọ ìyẹn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Èyí tí kò ní sọ ni ibi tí ẹ ó ti rí páàtì nígbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ ní ọ̀sẹ̀ Iléyá, tí aṣọ oníbàárà sì kún ilẹ̀.

Singer 15K ni mo ń lò. K yẹn ń tọ́ka sí Kilbowie, ilé iṣẹ́ wọn ní Clydebank nílẹ̀ Skọ́tláńdì, tó ṣí ní 1885, tí wọ́n sì tì ní 1980. Ilé iṣẹ́ náà ti lọ, àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì ń ránṣọ káàkiri Túdùn Wádà, ìwé ló sì fà á. Singer máa ń tẹ ìwé páàtì fún irú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, tàwòrán-tàwòrán, tí gbogbo ìdè àti sípíríǹgì inú rẹ̀ fi ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí ẹ bá tú ojúlówó 15K, ẹ ó rí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lára ọ̀pọ̀ irin inú rẹ̀, pẹ̀lú SIMANCO tó jẹ́ ìkékúrú orúkọ ilé iṣẹ́ náà. Ẹ ò nílò láti máa ṣàpèjúwe "èyí tó rí roboto tó ní etí lẹ́gbẹ̀ẹ́" fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn aṣẹ̀rọ ilẹ̀ Jàpáànì fi Singer 15, irú ẹ̀rọ tí 15K wà nínú rẹ̀, ṣe àwòkọ, wọ́n sì fẹnu kò sí ìwọ̀n kan náà kí páàtì ilé iṣẹ́ kan lè wọ ti èkejì. Ṣáínà náà tẹ̀ lé e. Butterfly JA2-1 tí ẹ ń rí lọ́jà yẹn, ọmọ ilé 15 ni: bọ́bìnì kan náà, ilé bọ́bìnì kan náà, abẹ́rẹ́ kan náà. Ẹ wo ara pákẹ́ẹ̀tì abẹ́rẹ́ rẹ̀, HA×1 àti 15×1 ló wà níbẹ̀. 15×1 yẹn, nọ́ńbà Singer ni. Ẹ tún wo ti indọ́sítríà: wọ́n kọ DB×1, wọ́n sì kọ 16×231 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Singer náà ló ni 16×231. Àwọn tó ń bá a du ọjà ṣì ń fi nọ́ńbà inú ìwé rẹ̀ ta abẹ́rẹ́ títí dòní!

Indọ́sítríà kan wà tí mo rà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ jọ ti 8700, ẹni tó tà á sì fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí páàtì Juki tí kò ní wọ̀ ọ́. Nígbà tí húùkù rẹ̀, irin tó ń yí lábẹ́ láti gbá òwú abẹ́rẹ́ mú, jẹ, a ra ti 8700, ihò rẹ̀ kò bá ọ̀pá inú ẹ̀rọ mu. Mo ṣí ìwé inú páálí. Bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ ló wà níbẹ̀, àti àwòrán obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín. Kò sí àwòrán inú ẹ̀rọ, kò sí nọ́ńbà kankan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn ya fótò rẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi." Fótò lọ sí Èkó, Èkó fi í ránṣẹ́ sí Ṣáínà, èyí tó sì dé padà kì í ṣe òun. Ní gbogbo àsìkò yẹn ẹ̀rọ dúró, ọmọṣẹ́ jókòó, àwọn oníbàárà ń wá kó aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹnìkan ní kí n gbé e lọ sí Panteka. Lóòótọ́, kò sí ohun tí wọn ò lè fi irin ṣe ní Panteka, ṣùgbọ́n ìwé Juki sọ pé àlàfo tó gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹnu húùkù àti abẹ́rẹ́ jẹ́ 0.04 sí 0.1 mílímítà. Ìyẹn kọjá iṣẹ́ fáìlì.

Fítà àtijọ́ kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Kaduna Textiles, iléeṣẹ́ tí wọ́n ṣí ní 1957, rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. Ó ní ní Kakuri, níbi tí iléeṣẹ́ náà wà, nọ́ńbà páàtì ni àwọn máa ń kọ ránṣẹ́ sókè òkun, kò sẹ́ni tó ń ya fótò irin.

Kí a má purọ́ mọ́ Juki gan-an. Ilé iṣẹ́ Tokyo yìí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1938, fi ìwé páàtì 8700 sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wà á sórí fóònù kí ẹ tó jáde nílé. Àwọn tó jọ ọ́ lójú lásán ni kí ẹ ṣọ́ra fún.

Ìyókù kò pọ̀. Iná: Singer àti Butterfly ẹlẹ́sẹ̀ kò mọ̀ bóyá iná wà, indọ́sítríà tó ní mọ́tò àtijọ́ ń jẹ iná bí ẹ kò tilẹ̀ ránṣọ, nítorí náà ẹ béèrè sáfò, mọ́tò tó máa ń dúró bí ẹ kò bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Aṣọ líle, jíǹsì àti kánfáàsì: indọ́sítríà, kò sí àríyànjiyàn. Owó: Butterfly ló fúyẹ́ jù, àmọ́ ẹ fún àwọn ìdè rẹ̀, ẹ sì fi epo sí i dáadáa kí ẹ tó gbé aṣọ oníbàárà sí i. Singer tòkunbọ̀: ọ̀dà dúdú àti sítíkà wúrà kò ṣòro fún wọn láti fi tan èèyàn, nítorí náà ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n lù mọ́ ìdí rẹ̀ lápá ọ̀tún. Lẹ́tà méjì tí E ṣáájú, tí nọ́ńbà mẹ́fà tẹ̀ lé, ti Clydebank ni, láti àwọn ọdún 1930 síwájú.

Ìdájọ́ mi nìyí, mi ò sì gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń rán yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé lọ́pọ̀ yanturu, kó ra indọ́sítríà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúríìdọ̀ọ̀mù tí owó rẹ̀ kò tíì pọ̀, Butterfly yóò gbé e dé ibì kan. Àwa tí a ń rán ṣífọ́ọ̀nù, àǹkárá àti gíníì, tí a sì fẹ́ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ọmọ, a mọ ohun tí a ń lò. Kódà bí Butterfly bá kọṣẹ́, páàtì 15 náà ni wọn yóò bá a wá.

Bí ẹ bá ń lọ sí Ọjà Sheikh Gumi tàbí Wuse, ẹ fi ilé bọ́bìnì méjì sápò: ọ̀kan ti 15, ọ̀kan ti 8700. Ẹ ti èyí tó yẹ bọ inú ẹ̀rọ lójú ẹni tó ń tà á. Bí kò bá wọlé, ẹ ní kó mú ìwé páàtì wá. Bí kò bá ní ìwé, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, kí ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e.