Áàpù àtọ̀gbẹ lórí fóònù: ewo ló bá ẹ̀rọ ṣúgà yín mu?

Kò sí áàpù kan tó lè wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀, torí àwọn kan wà lórí fóònù tó ń ní kéèyàn gbé ìka lé ojú kámẹ́rà, kó dúró díẹ̀, nọ́ńbà á sì jáde. Irọ́ gbáà ni. Ní oṣù kejì ọdún 2024, FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fún aráyé pé àwọn kò tíì fọwọ́ sí aago ọwọ́ tàbí òrùka kankan tó ń sọ pé òun lè dá wọn ṣúgà láì gún ara. Iṣẹ́ áàpù ni pé kó gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó gún yín, kó tò ó létòlétò, kó sì jẹ́ kí ẹ̀yin àti dókítà rí bó ṣe ń gòkè àti bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi fóònù sílẹ̀ ná. Ẹ mú ẹ̀rọ ṣúgà yín, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Ẹ̀rọ ló ń yan áàpù

Bó bá jẹ́ Accu-Chek Instant tàbí Accu-Chek Guide lẹ ní, mySugr ni áàpù tó bá a mu. Vienna ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 2012, kí Roche, tó ni Accu-Chek, tó rà á ní 2017. Bó bá jẹ́ Contour Plus One, áàpù tirẹ̀ ni Contour Diabetes. Àmọ́ Accu-Chek Active àti On Call Plus, tí ẹ máa rí nínú ọ̀pọ̀ ilé láti Ìbàdàn dé Àkúrẹ́, kò ní Bluetooth. Ẹni tó bá ń lo irú wọn, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò máa fi tẹ gbogbo nọ́ńbà.

Kí ẹ tó sọ pé ẹ ó pààrọ̀ ẹ̀rọ nítorí áàpù, ẹ lọ béèrè sítíríìpù, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí. Páálí oní-50 á tó ọjọ́ 50 fún ẹni tó ń gún ìka lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, á sì tó ọjọ́ 25 fún ẹni tó ń gún un lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ dé ilé oògùn mẹ́ta ládùúgbò yín, ẹ béèrè bóyá sítíríìpù ẹ̀rọ tuntun yẹn kì í wọ́n wọn, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí pé kò ní dára mọ́. Áàpù lè dára bíi wúrà. Bí sítíríìpù rẹ̀ bá di ohun tí a ń ránni sí Èkó kí a tó rí, ohun ọ̀ṣọ́ lẹ rà.

Àwọn mẹ́ta tí a rò pé ó yẹ kí ẹ gbé lórí ìwọ̀n nìyí:

| | mySugr | Contour Diabetes | Diabetes:M |
|---|---|---|---|
| Ẹ̀rọ rẹ̀ | Accu-Chek Instant, Guide | Contour Plus One, Contour Next One | ẹ̀rọ tó bá wù yín, bí ẹ bá lè fọwọ́ tẹ nọ́ńbà |
| Bí nọ́ńbà ṣe ń wọlé | fúnra rẹ̀, nípasẹ̀ Bluetooth | fúnra rẹ̀, nípasẹ̀ Bluetooth | ọwọ́ yín ló pọ̀ jù |
| Ojú rẹ̀ | fúyẹ́, ó ń báni ṣeré | ó mọ́, kò ní ariwo | ó kún, àpótí pọ̀ níbẹ̀ |
| Ta ló bá mu | ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ | ẹni tó fẹ́ mọ ìgbà tí ṣúgà rẹ̀ ń ṣe ségesège | ẹni tó ń ka oúnjẹ àti ínsúlín ní kíkún |

Tẹ́ẹ bá béèrè lọ́wọ́ wa, mySugr la máa fún ẹni tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún lóṣù tó kọjá pé ó ní àtọ̀gbẹ. Contour ní ohun kan tí a fẹ́ràn, tí kò sì sí nínú áàpù rárá: iná kékeré kan wà lẹ́nu ẹ̀rọ níbi tí sítíríìpù ń wọ̀. Bí ṣúgà bá wà níbi tó yẹ, iná náà á tàn ní àwọ̀ ewé. Bó bá ti ga jù, á pọ́n bí ọsàn. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, á pupa. Ìyá àgbà tí kò rí nọ́ńbà dáadáa mọ́ á ṣì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Diabetes:M lágbára ju àwọn méjèèjì lọ, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e fún ẹni tó jẹ́ pé WhatsApp nìkan ló mọ̀ ọ́n tẹ̀. Kò ní pé ọ̀sẹ̀ kan tí yóò fi pa á tì.

Ẹni tó sì jẹ́ pé metformin, hóró oògùn àtọ̀gbẹ, nìkan ló ń lò, tí dókítà ní kó máa gún ìka lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ìwé ọgọ́ta ojú-ewé àti bírò á ṣe é dáadáa. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Síso ẹ̀rọ àti fóònù pọ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń já a sílẹ̀. Wọ́n á lọ sínú Settings fóònù, wọ́n á wá ẹ̀rọ náà níbi Bluetooth bí ìgbà tí wọ́n ń wá ìgbọ́rọ̀ etí, kò sì ní ṣiṣẹ́. Inú áàpù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Fún Accu-Chek Instant, ẹ ṣí mySugr, ẹ yan ẹ̀rọ náà nínú àwọn tó tò síbẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ bọ́tìnì ara ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ títí àmì Bluetooth á fi máa ṣẹ́jú. Fóònù á béèrè nọ́ńbà oníhóró mẹ́fà. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Bó bá jẹ́ Android tó ti pẹ́ díẹ̀ ni, ẹ tan Location pẹ̀lú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fóònù kò ní rí ẹ̀rọ náà rárá.

Ohun mìíràn tí kì í sí nínú ìpolówó: ẹ̀rọ kan, èèyàn kan. Bí bàbá àti ìyá bá jọ ń lo ẹ̀rọ kan ṣoṣo, gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ ló máa ya wọ inú àkáǹtì ẹni tó so fóònù rẹ̀ mọ́ ọn. Dókítà á rí 98 láàárọ̀ àti 260 ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, á sì rò pé oògùn kò ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gún ìka, ìyẹn ò tiẹ̀ ṣeé pín rárá, torí àrùn inú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa fọwọ́ tẹ nọ́ńbà, ẹ ṣọ́ra fún aago. Bí ẹ bá gún ìka ní aago mẹ́fà àárọ̀, tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ lẹ tó rántí kọ ọ́ sílẹ̀, áàpù á fún un ní aago ìrọ̀lẹ́, àyàfi tí ẹ bá yí i padà fúnra yín. Ṣúgà ẹni tí kò tíì jẹun á wá di ṣúgà ẹ̀yìn àmàlà. Bákan náà, wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, láti orí òkèlè àkọ́kọ́ la ti ń kà á, kì í ṣe ìgbà tí ẹ fọ abọ́.

Ọwọ́ ńkọ́? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó máńgòrò, tó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, tó wá gún ìka, ṣúgà ara máńgòrò ni ẹ̀rọ ń kà mọ́ ti ẹ̀jẹ̀. Omi àti ọṣẹ, kí ọwọ́ sì gbẹ. Áàpù kò lè tún nọ́ńbà tó ti bàjẹ́ láti ìka ṣe.

mg/dL tàbí mmol/L

Ìwọ̀n méjì yìí, tí a fi ń ka ṣúgà, ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó wà nílé àti àwọn tó wà ní Ìlú Ọba. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó wà nílé lọ́wọ́lọ́wọ́ ń ka mg/dL, bíi ti Amẹ́ríkà. Tàwọn ará Ìlú Ọba jẹ́ mmol/L. Ẹ fi 18 pín èyí tó wà nílé, ẹ ó rí tòkè òkun: 180 di 10.0, 126 di 7.0, 70 di 3.9. Kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà àkọ́kọ́ sínú áàpù, ẹ wọ Settings rẹ̀, kí ẹ rí i dájú pé ohun tó ń kà ni ohun tí ẹ̀rọ yín ń kà. Áàpù tí kò bá jẹ́ kí ẹ yàn láàárín méjèèjì, ẹ má lò ó.

Sẹ́ńsọ̀ tó ń gbé lára

FreeStyle Libre àti Dexcom kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tó ṣáájú. Sẹ́ńsọ̀ wà lára apá, ó ń ka ṣúgà tọ̀sántòru, áàpù rẹ̀ sì ń yàwòrán rẹ̀. Libre 2 ń gbé ara fún ọjọ́ 14, Libre 2 Plus ń gbé fún 15. Dexcom G6 àti èyí tó jẹ́ G7 oní-10 ń gbé fún 10. Lẹ́yìn tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́, Libre nílò wákàtí kan kó tó sọ̀rọ̀, G7 nílò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọmọ tó wà ní Peckham ní London lè fi LibreLinkUp wo ṣúgà ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Èèyàn tó tó 20 ló lè máa wò ó, Follow ti Dexcom sì gba 10.

Ní Ìlú Ọba, NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú níbẹ̀, ti sọ láti 2022 pé kí NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, máa fún àwọn àgbàlagbà tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní ní irú sẹ́ńsọ̀ báyìí. Nílé, àpò ara ẹni ló sábà ń ti jáde. Fún Libre 2, ìyẹn jẹ́ sẹ́ńsọ̀ 26 lọ́dún. Ẹ fi iye ọ̀kan sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún sẹ́ńsọ̀ tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà: orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe é fún lè yàtọ̀ sí èyí tí àkáǹtì áàpù yín wà, kí áàpù kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò mọ̀ ọ́n.

Nọ́ńbà sẹ́ńsọ̀ ń wá láti inú omi tó wà lábẹ́ awọ, kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀ gan-an. Bí ṣúgà bá ń já kíákíá, sẹ́ńsọ̀ á pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ̀. Bí ara yín bá ń gbọ̀n, tí òógùn ń bò yín, tí áàpù sì ní 95 ni, ẹ gún ìka. Bó bá jẹ́ lóòótọ́ ló ti wà nísàlẹ̀ 70, ẹ lá ṣúgà gírámù 15, bíi ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin nínú omi, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá ń lo fítámì C tó ju mílígírámù 500 lọ lójúmọ́, Libre 2 lè máa bá a ka nọ́ńbà tó ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìró ìkìlọ̀ òru ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀, òun náà ni fóònù sì ń pa. Ọ̀pọ̀ Android ń pa áàpù tó bá wà lábẹ́lẹ̀ láti tọ́jú bátìrì. Ẹ wọ Settings, Apps, ẹ yan áàpù náà, ẹ tẹ Battery, kí ẹ yan Unrestricted. Kí fóònù má jìnnà sí ara ju mítà mẹ́fà lọ.

HbA1c tí áàpù fi ń fọ́nnu

HbA1c ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Áàpù á kọ ọ́ gàgàrà: "HbA1c yín jẹ́ 5.7". Àròpín àwọn nọ́ńbà tí ẹ fún un ló fi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń gún ìka láàárọ̀ nìkan, tí àròpín rẹ̀ jẹ́ 118, á rí 5.7 yẹn, kí lábú wá sọ 8, torí kò sí ẹ̀bà alẹ́ nínú ìṣirò. Fún àwọn tó jẹ́ SS, HbA1c lábú pàápàá lè lọ sílẹ̀ ju òótọ́ lọ, torí ẹ̀jẹ̀ pupa wọn kì í pẹ́ láyé. Ẹ sọ jínótáìpù yín fún dókítà.

Oúnjẹ

MyFitnessPal àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn áàpù tó ń ka oúnjẹ, mọ búrẹ́dì òyìnbó dáadáa, àmọ́ tí ẹ bá tẹ "eba" sí i, ẹ ó rí oríṣiríṣi nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kàn kọ síbẹ̀. (Fífi kámẹ́rà ka ìlà ara páálí ti di olówó níbẹ̀ láti 2022, gàrí Bódìjà kò kúkú ní ìlà.) Ẹ ra ìwọ̀n kékeré ilé ìdáná. Ẹ wọn gàrí gbígbẹ kí ẹ tó dà á sómi gbígbóná: gírámù 80 ní bíi gírámù 65 kábọ̀háídíréètì, èyí tó ń di ṣúgà lára. Iṣu sísè gírámù 100 ní bíi 27, ìrẹsì funfun sísè ní 28. Ẹ fi wọ́n pamọ́ sínú áàpù gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ tiyín, kó má baà jẹ́ pé lójoojúmọ́ lẹ ó máa ṣírò.

Ìṣirò ínsúlín

Níbí, ẹ má tètè gba áàpù gbọ́. Ní 2015, àwọn olùwádìí Imperial College London yẹ áàpù 46 tó ń ṣírò ínsúlín wò. 31 nínú wọn lè fúnni ní iye tí kò tọ́, 42 kò sì ń yẹ nọ́ńbà tí èèyàn tẹ̀ wò bóyá ó bọ́gbọ́n mu. Ẹ fúnra yín dán an wò. Ká ní dókítà sọ pé yúnìtì 1 á fa ṣúgà wálẹ̀ ní 50, kí ẹ máa lépa 120. Bí ẹ bá wà ní 220, yúnìtì 2 ló yẹ kó jáde. Ẹ wá yí áàpù sí mmol/L, kí ẹ tẹ 220 síbẹ̀. Èyí tó gbọ́n á kọ̀. Èyí tó bá ṣírò rẹ̀ láì ta kò yín, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí fóònù lójú ẹsẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ ínsúlín aládàpọ̀ bíi Mixtard 30 ni dókítà kọ fún yín, láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ pa ibi ìṣirò náà tì. Ínsúlín tó ń ṣiṣẹ́ kíákíá nídìí oúnjẹ ni wọ́n ṣe é fún.

Ọjọ́ méje

Kí ẹ tó san owó oṣù kankan, ẹ lò ó fún ọjọ́ méje. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ pa dátà, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ṣì lè kọ nǹkan sílẹ̀. Lọ́jọ́ keje, ẹ ní kó ṣe PDF, ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ara yín, kí ẹ ṣí i lórí fóònù ẹlòmíràn: dókítà kò ní gba áàpù sórí fóònù tirẹ̀ nítorí yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ fóònù tàbí áàpù, PDF yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fà jáde, kí ẹ tó yọ èyí tó wà níbẹ̀.