Ẹ̀kọ́ Àtúnṣe Ẹ̀rọ Panápaná Ilé Ìdáná ní Amẹ́ríkà: Èyí Tó Tó Owó Rẹ̀

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà kọ́ iṣẹ́ títún ẹ̀rọ tó ń pa iná lórí sítóòfù ilé oúnjẹ ṣe ní Amẹ́ríkà: kíkọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, kíláàsì àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà, àti ìdánwò ICC/NAFED (ẹgbẹ́ tó ń ṣe òfin ilé kíkọ́ àti ẹgbẹ́ àwọn tó ń pín ohun èlò panápaná). Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ló ń gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá, ṣùgbọ́n wọn ò dọ́gba.

Ti ìdánwò ló kúrú jù. Ẹ óò gbé ìwé wọlé, NFPA 17A (òfin ẹ̀rọ panápaná olóògùn olómi) àti NFPA 96 (òfin ààbò iná ilé ìdáná) sì ni olórí wọn. Bóyá ẹ mọ ibi tí òfin wà nínú ìwé ni wọ́n ń wò: pé oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni àyẹ̀wò, pé ọdún 12 ni wọ́n ń fi omi dán agbára táǹkì wò, pé fífa ọwọ́ ìfà ara ògiri tó ń tú oògùn sílẹ̀ kò gbọdọ̀ gba agbára tó ju 40 pọ́n-ùn lọ, pé fryer, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dín nǹkan, gbọ́dọ̀ jìnnà sí iná sítóòfù ní ínǹṣì 16, àfi tí irin ínǹṣì 8 bá dá wọn lágbede méjì. Ó wúlò. Àmọ́ ẹni tó yege lè má tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí.

Kíláàsì àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ni kí owó yín lọ sí. Ansul, ní Marinette, Wisconsin, ń kọ́ni ní R-102, ẹ̀rọ tirẹ̀. Amerex, ní Trussville, Alabama, ń kọ́ni ní tirẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ọ̀kan kò ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ìkejì, kì í sì í ṣe ọgbọ́n àtigbowó lásán: nozzle (ẹnu tó ń tú oògùn jáde), páìpù, táǹkì àti oògùn inú rẹ̀ ni wọ́n jọ dán wò pọ̀. Nínú R-102, nozzle kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìṣàn tirẹ̀, ìyẹn bí oògùn tó ń tú ṣe pọ̀ tó: 1N jẹ́ 1, 2W jẹ́ 2. Táǹkì gálọ́ọ̀nù kan àbọ̀ kò gbà ju àpapọ̀ 5 lọ, ti gálọ́ọ̀nù mẹ́ta kò gbà ju 11 lọ. Ẹni tó bá fi nozzle kan kún un láì ṣírò ti bu nínú oògùn fryer fún sítóòfù.

Olùkọ́ tó mọṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti UL 300, ìlànà ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní November 1994. Tẹ́lẹ̀, ìyẹ̀fun gbígbẹ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń tú, ọ̀rá ẹran ni wọ́n sì fi ń dín nǹkan. Òróró ewébẹ̀ dé, ooru rẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gbiná. Fryer tuntun sì ń pa ooru mọ́. Ìyẹ̀fun á pa iná, òróró á tún gbiná padà. Oògùn olómi ti òde òní ń bá òróró gbígbóná di ọṣẹ onífòófó tó bo ojú rẹ̀, omi inú rẹ̀ á sì mú un tutù.

Ìfọwọ́ṣe ni a fi ń mọ kíláàsì gidi. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún ọ̀gá ilé oúnjẹ àti àwọn tó ń ṣọ́ aláàmù. Ẹ ti píìnì bọ ẹ̀rọ ìtúsílẹ̀ kó má bàa já, ẹ yọ cartridge (ìgò gáàsì tó ń ti oògùn jáde), ẹ dé e lórí, kí ẹ tó yọ píìnì fún ìdánwò. Ẹ gé lìǹkì (irin kékeré tó máa ń já bí ooru bá dé ara rẹ̀) tó kẹ́yìn lórí wáyà: ẹ̀rọ ìtúsílẹ̀ gbọ́dọ̀ já, fáàfù gáàsì gbọ́dọ̀ tì, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé gbọ́dọ̀ dúró, fáànù tó ń fa èéfín jáde kò gbọdọ̀ kú. Ẹ dán ọwọ́ ìfà wò lọ́tọ̀. Lìǹkì tuntun ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò, nítorí ọ̀rá tó bo ti àtijọ́ kì í jẹ́ kí ooru tètè dé ara rẹ̀. Ẹ wo ìdérí nozzle. Èyí tí kò ní ìdérí, ọ̀rá ti ń dí i nìyẹn. Ẹ wọn cartridge, ẹ fi wéra pẹ̀lú ìwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Ẹ tún ẹ̀rọ ìtúsílẹ̀ kẹ́, ẹ ti píìnì, ẹ dá cartridge padà, ẹ wá yọ píìnì.

Píìnì ìkẹyìn yẹn ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, táàgì àyẹ̀wò tuntun á wà lára ẹ̀rọ, onílé oúnjẹ á sanwó, ẹ̀rọ ò sì ní tú ẹ̀kán oògùn kan lọ́jọ́ iná. Kíláàsì tí kò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ ara rẹ̀ kẹ́ ẹ̀rọ padà, títí dé orí píìnì, ẹ má sanwó rẹ̀.

Ohun tí kíláàsì kò lè kọ́ yín ni ẹ̀gbin. Ẹ̀rọ inú kíláàsì mọ́ tónítóní. Ti ilé oúnjẹ, ọ̀rá ti dì mọ́ ibi tí wáyà ti ń yí kọ́nà, wáyà ò sì lè fà. Wọ́n tún ti lè gbé fryer kúrò níbi tí nozzle ń wò. Ní àwọn ilé oúnjẹ wa ní Houston, ẹ lè bá ìkòkò ńlá òróró púfúpúfù lórí sítóòfù. Nozzle ti sítóòfù kì í ṣe ti fryer, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìròyìn bí onílé tiẹ̀ ń fajúro. Lábẹ́ ọ̀gá nìkan lẹ ti lè kọ́ ìyẹn, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wá ilé iṣẹ́ tí yóò gbà yín síṣẹ́; ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń san owó kíláàsì náà fún òṣìṣẹ́ tó bá dúró.