Mọ́ọ̀kì tẹ́ẹ̀sì páílọ́ọ̀tì: mo mọ bàálù wà o, ìwà mi ló fẹ́ fẹ́èlì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra tẹ́ẹ̀sì páílọ́ọ̀tì, ẹ jẹ́ n sọ ti mọ́ọ̀kì tí mo sanwó fún kí n tó lọ ṣe ojúlówó. Ọjọ́ kan péré ni, ìbéèrè ẹnu lórí tábìlì lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn ẹ óò gbéra. Èmi rò pé wọ́n máa tún ọwọ́ mi ṣe ni, àṣé ìwà mi ni bàbá tó jókòó tì mí ń wò.

Lórí tábìlì níbẹ̀ wọ́n ní kí n ka ìwà márùn-ún tí ìwé FAA, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ní ó léwu fún páílọ́ọ̀tì, mo kà á geere: agídí sí òfin, wàdùwàdù, "kò lè ṣẹlẹ̀ sí mi," ṣekárími, àti "kí ni mo tún lè ṣe sí i." Wọ́n ní èwo ni tèmi. Mo ní kò sí. Bàbá rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ìkẹta ni tìẹ nìyẹn.

Òkè gan-an lọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ní kí n ṣe steep turn, kí bàálù tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní dígírì 45 kó yí po bírí, gíga ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ fi ju ẹsẹ̀ bàtà 100 yẹ̀ lókè tàbí nísàlẹ̀. Mo já bọ́ bí 130. Ni mo bá gbọ́ bírò wọn, kẹ́, wọ́n kọ nǹkan sórí pépà tó wà lórí orúnkún wọn. Ó tán! Ọkàn mi ò kúrò lára bírò yẹn mọ́, stall tó tẹ̀ lé e (kéèyàn gbé imú bàálù sókè títí ìyẹ́ ẹ̀ ò fi ní lè gbé e mọ́, kó sì gbà á padà) tí mo lè fojú dídì ṣe, ṣe ni mo bà á jẹ́ yánnayànna, mo tún wá ń ṣàlàyé, afẹ́fẹ́ ni, ìjókòó ni, ẹnu mi ò dákẹ́. Nígbà tá a balẹ̀ wọ́n fi pépà hàn mí. Aago àti epo tó kù ni wọ́n kọ!

Wọ́n ní kéèyàn yẹ̀ díẹ̀ kọ́ ló ń fẹ́èlì èèyàn, kó yẹ̀ kó o má tètè dá a padà ni. Fọwọ́ dá a padà, sọ ọ́ síta pé ò ń dá a padà, kó o gbàgbé ẹ̀. Ìbalẹ̀ náà ńkọ́, mo ga jù, mo fipá tì í mọ́lẹ̀, wọ́n ní kí ló dé tí o ò ṣe go-around, ìyẹn kó o gbéra padà dípò kó o balẹ̀, mo ní ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má fẹ́èlì mi. "Ẹni tó yí padà ló gbọ́n, ìwọ tó o fipá balẹ̀ ni mo fẹ́ fẹ́èlì." Ó dùn mí o, mi ò purọ́.

Lọ́jọ́ tẹ́ẹ̀sì gidi mo tún ga jù, mo fún ẹ́ńjìnnì lágbára, mo gbéra padà, mo sọ ọ́ lórí rédíò. Bírò ẹ̀sámínà dún. Mi ò wo apá ibẹ̀. Mo pàásì.

Ẹ̀sùn mi nípa mọ́ọ̀kì yẹn ni pé wákàtí méjì ni wọ́n fi pẹ́ kí wọ́n tó dá wa lóhùn láàárọ̀, kò sẹ́ni tó bẹ̀ wá. Ìròyìn tí wọ́n sì fún mi, ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, mi ò tíì lè ka ìlà kẹta títí dòní. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.