Àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ Virginia Woolf, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ England, ìdìpọ̀ márùn-ún: wọ́n ta á fún mi láìní ìparí

Ẹ jẹ́ kí n bínú tán ná. Ìdìpọ̀ karùn-ún, ti 1936 sí 1941, ló dá wàhálà sílẹ̀. Mo ka ti ọjọ́ 26 oṣù kejì 1941 tán, mo ṣí i síwájú, àtọ́ka orúkọ ni mo bá. Oṣù kẹta ti fò lọ! Ọjọ́ 28 oṣù yẹn ni obìnrin yìí kó sódò Ouse tó sì gbabẹ̀ kú. Tìtorí oṣù yẹn ni mo ṣe náwó.

Mo pe ṣọ́ọ̀bù ìwé tòkunbọ̀ náà. Ọmọkùnrin tó gbé fóònù ní, "Àǹtí, ìwé yín pé o. Ṣé ẹ rí àtọ́ka lẹ́yìn? Ìwé tó bá ti ní àtọ́ka ti pé nìyẹn." Mo ní, oṣù kẹta wá dà? Ó ní nẹ́tíwọ́kì ò dáa. Mo tún pè, wọ́n ní ọ̀gá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun!

Pẹ̀lú ìbínú yẹn ni mo fi padà sí ìdìpọ̀ kẹta, àfi bí ẹni pé wọ́n bu omi lé mi lórí. Wọn ò rán Woolf lọ sí Cambridge bí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ìwé bàbá rẹ̀ ló kà dàgbà. Ní 1917, òun àti ọkọ rẹ̀, Leonard, ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé olówọ́, wọ́n ń to lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fúnra wọn. Owó tó rí lórí ìwé ìtàn rẹ̀, Mrs Dalloway, ló fi ṣe ṣáláńgá olómi sílé wọn ní Rodmell. Nígbà tó wá kọ ọ́ ní 1929 pé òǹkọ̀wé obìnrin nílò owó àti yàrá tirẹ̀, ohun tójú rẹ̀ rí ló sọ.

Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù ló padà pè mí. "Ọmọ mi, má bínú. Èmi náà ní tèmi nílé." Ó ya ojú ewé tó kù, ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àtàǹpàkò rẹ̀ wà nínú gbogbo fọ́tò. Bọ́ǹbù ti wó ilé Woolf àti ọkọ rẹ̀ àtijọ́ ní Tavistock Square, ní London, síbẹ̀ lọ́jọ́ 8 oṣù kẹta, oúnjẹ alẹ́ ni Woolf ń rò: ẹja haddock àti sọ́sééjì. Ó ní bí èèyàn bá kọ wọ́n sílẹ̀, ọwọ́ á tẹ̀ wọ́n díẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún.

Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà fún mi o. Máàkì: 2 nínú 5. Mo ti ní kí ìyá náà bá mi wá àwọn lẹ́tà Woolf, ìdìpọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.