Ìkọ́kọrẹ́ màmá Òkè-Àjé, fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò ká mọ́

Ó tó ọdún mẹ́ta tí mi ò fi jẹun níta kí n tó dé búkà màmá yìí. Aránṣọ ni mí, n'Íjẹ̀bú-Òde níbí, kí àìsàn tí wọ́n ń pè ní scleroderma tó gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi. Ara ló ń bá ara rẹ̀ jà, awọ á máa le, á máa fún. Ìka mi ò ká mọ́, ẹnu mi ti kéré, síbí ńlá ò wọ̀ ọ́. Gàrí Ìjẹ̀bú olómi tútù pàápàá ti bọ́ lọ́wọ́ mi: bí mo bá di ife rẹ̀ mú, ìka á funfun bí ẹfun, á di aláwọ̀ aró, á wá pọ́n, á sì máa ta mí bí abẹ́rẹ́.

Ìrora yẹn le, ojú èèyàn tún wá lé e lórí. Níbi ìnáwó kan, obìnrin kan bi mí pé ṣé mò ń ṣakọ ni mi ò ṣe fọwọ́ jẹ ẹ̀bà. Mo sunkún délé. Dókítà mi ló sọ fún mi pé ìrora tí kì í lọ àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń ran ara wọn lọ́wọ́ ni, kí n má ti ara mi mọ́lé.

Mo bá wọ búkà màmá kan lẹ́bàá ọjà Òkè-Àjé. Ìkọ́kọrẹ́ ni mo jẹ níbẹ̀: ewùrà tí wọ́n rin dáadáa, ẹja gbígbẹ, edé, epo pupa. Kókó rẹ̀ rọ̀, ó sì gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ọ̀fun tí oúnjẹ máa ń há sí. Ata ọjọ́ àkọ́kọ́ pọ̀ jù, àyà ta mí mọ́jú. Nígbà tí mo padà lọ, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ata mi, díẹ̀." Màmá ò wo ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ń bu tèmi sọ́tọ̀ báyìí kí ata tó wọ ìkòkò tán. Wọ́n fún mi ní síbí tíì, wọ́n gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wá kí n fi ṣanwọ́. "Ọmọ mi, rọra jẹ ẹ́. A ò tíì fẹ́ palẹ̀ mọ́."

Bẹ́ńṣì wọn ò ní ìfẹ̀yìntì, ẹ̀yìn á dun èèyàn. Ẹ má jókòó sábẹ́ fáànù ẹnu ọ̀nà bí òtútù bá ń mú yín níka. Bó bá fi máa di aago méjì, ó ti tán. 1,500 náírà ni abọ́ ẹlẹ́ja.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo mú àbúrò mi obìnrin lọ. Mo jẹ abọ́ mi tán láàárín èrò, ìborùn mi wà lórí itan, mi ò fi bo ẹnu.